Sàráà Salmah àti Oògùn Lúpọ́ọ̀sì

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Ìyá Salmah ń dín àkàrà sàráà lágbo ilé wọn l'Óṣogbo. Ọmọ rẹ̀, Salmah, ló ń dúpẹ́ fún. Àìsàn kan tó ń jẹ́ lúpọ́ọ̀sì ló mú ọmọbìnrin náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, irun rẹ̀ ń já, oríkèé ìka rẹ̀ sì wú débi pé kò lè di ìyẹ́ adìyẹ tó fi ń ya ọnà sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ mú mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì fẹ́ràn jù láyé.

Oògùn ilé ìwòsàn ti wá mú kí ara tù ú, ó sì ti padà sídìí aṣọ. Ta ni kò ní dúpẹ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe jẹ àkàrà tán, Ìyá Salmah kó oògùn ọmọ rẹ̀ sínú àpótí. Ó ní àwọn ti dúpẹ́ báyìí, bí Salmah bá tún ń gbé oògùn mì, ó máa dà bí ẹni pé ìdúpẹ́ náà kò ti inú àwọn wá. Salmah, tí oògùn ti sú tẹ́lẹ̀, kò jiyàn. Ó tún ń sá aṣọ aró nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Kò pẹ́ tí ìka fi tún le. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìtọ̀ rẹ̀ sì ń hó bí omi ọṣẹ. Ìyá mú ọmọ, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà Cecilia Ògúnjìnmí, ọmọ Iléṣà tí kì í fepo bọyọ̀, yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ní àìsàn náà ti ń fọwọ́ kan kíndìnrín, àmọ́ wọ́n tètè dé. Ó ṣàlàyé pé agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà ló ń bá ara fúnra rẹ̀ jà. Kì í ràn, ẹnikẹ́ni kọ́ ló sì fi ṣe é, àmọ́ oòrùn máa ń ru ú sókè.

“Ṣé kò wá lè san ni, dókítà?”

“Màmá, a ò tíì ní oògùn tó máa lé e lọ pátápátá. Ohun tí à ń wá ni kó rọlẹ̀: kí ìrora kéré gan-an, kí kíndìnrín àti ọkàn má fara gbá, kí prẹdinisólóònù, oògùn tó le tó ń lò yẹn, sì dín kù sí ìwọ̀n kékeré. Bí a bá tètè débẹ̀, tí a sì dúró síbẹ̀, ọmọ yín á máa bá iṣẹ́ àti ayé rẹ̀ lọ. Bí iná bá lọ sílẹ̀ lábẹ́ epo àkàrà yín, ṣé ẹ máa ń gbé ọmọ jókòó tì í? Epo ṣì gbóná; bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn yìí ṣì wà bó tilẹ̀ rọlẹ̀.”

Ìyá Salmah wá rojọ́ sàráà. Dókítà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ó ní kí wọ́n bi áfáà wọn léèrè. Nírọ̀lẹ́, Áfáà Sàláúdéènì rẹ́rìn-ín títí.

“Ìyá Salmah, èmi tí mo ṣe àdúrà sàráà yẹn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà lápò mi lọ́jọ́ náà. Ọlọ́run tí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló dá oògùn.”

Salmah padà sórí oògùn rẹ̀, wọ́n sì fi ti kíndìnrín kún un. Abẹ́ ìbòòji ló ti ń ya ọnà báyìí, ìyá rẹ̀ ló ń sá aṣọ. Oṣù ń gorí oṣù, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, dókítà sì ń dín prẹdinisólóònù kù díẹ̀díẹ̀. Ìka rẹ̀ ṣì máa ń le díẹ̀ láwọn àárọ̀ mìíràn. Á rì í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á sì mú ìyẹ́ rẹ̀. Dókítà ní ibi tí àwọn ń lọ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin ará wa, bí lúpọ́ọ̀sì bá mú ẹni yín, ẹ bi dókítà pé ibo lẹ jọ ń lọ, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ti débẹ̀. Ẹ má ṣe torí pé ara tù yín kẹ́ ẹ dá oògùn dúró fúnra yín, àgàgà prẹdinisólóònù, torí dídá a dúró lójijì léwu púpọ̀. Ẹ máa lọ yẹ ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ojú wò nígbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá, torí àwọn oògùn kan lè pa ojú lára, ẹ sì yẹra fún oòrùn ọ̀sán.

Ìyá Salmah ti ṣe sàráà mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, kó tó fún ọmọ kankan ní àkàrà, ó gbé omi àti oògùn síwájú Salmah, ó sì dúró tì í títí tó fi gbé e mì.