Ẹni Tí Yóò Di Ẹsẹ̀ Mú

Inú omi ni agbẹ́kọ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ti kọ́kọ́ rí i. Omi odò ńlá kan là lẹ́bàá bèbè, orí obìnrin kan yọ, lẹ́yìn náà èjìká, lẹ́yìn náà ẹja àrọ̀ kan tó gùn ju apá lọ, tó gbá mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Irùngbọ̀n ẹja náà ń lù ú lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ìyá àrọ̀, ẹ kú ewu ọmọ o!" ni agbẹ́kọ̀ kí i.

"Bàbá ọmọ kì í dúró lókè máa wòran," ni ó fèsì. "Bọ́ sómi, wá gbé e."

Ó bọ́ sómi tòun ti bàtà. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé.

Ọmọ Baba Alárọ̀ ni obìnrin náà. Wọn kì í lo ìwọ̀ nílé wọn. Àrọ̀ ńlá a máa gbé inú ihò lábẹ́ bèbè. Apẹja á mùwẹ̀ lọ bá a, á ki apá bọ ihò, ẹja á sì fi ẹnu há ọwọ́ náà mọ́. Ẹnì kejì á di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ bá ti gbọ̀n, kí ó fà á jáde. Bí kò bá fà á, omi ló ni ín.

Bàbá agbẹ́kọ̀ ló di ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n obìnrin náà mú lọ́jọ́ tí ọwọ́ yọ̀. Òkú ni wọ́n gbé jáde. Láti ìgbà náà, Baba Alárọ̀ kì í kí ará ilé náà, kì í sì í dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n bá kí i. Ẹni tó bá ní ó le jù, kó kọ́kọ́ sin ọmọ tirẹ̀ ná.

"Bàbá, agbẹ́kọ̀ ni mo fẹ́."

"Ìdílé ọlọ́wọ́ yíyọ̀! Mo ti fún wọn ní ọmọ kan. Kò sí èkejì."

Obìnrin náà kò sunkún, kò sì bá ọkùnrin sá lọ. "Ẹ jẹ́ kó di ẹsẹ̀ mi mú lójú yín."

"Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ jàre nìyẹn."

Bàbá náà tẹ̀ lé wọn dé etí odò.

"Ọkọ mi ọ̀la, o ń gbọ̀n. Ṣé òtútù ni?"

"Ẹ̀rù ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bà ló ń di nǹkan mú gírígírí."

Ó mùwẹ̀. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ gbọ̀n. Agbẹ́kọ̀ fà á, ihò kò tú u sílẹ̀. Ó fi orúnkún ti bèbè, ó fà á títí èjìká rẹ̀ fi dún. Baba Alárọ̀ ti sáré wọ omi dé àyà kí obìnrin náà tó já jáde, tó ń wúkọ́, tí awọ apá rẹ̀ ti bó. Ẹja ti lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Lórí iyanrìn, agbẹ́kọ̀ ṣì di ọrùn ẹsẹ̀ náà mú. Obìnrin náà ní kó tú òun sílẹ̀. Ìka rẹ̀ kọ̀, wọn kò ṣí. Baba Alárọ̀ kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Tú u sílẹ̀, ọmọ mi," ni ó wí. "Ó ti dé òkè."

Nígbà tó ṣí èyí tó kẹ́yìn, ó di ọwọ́ náà mú sínú tirẹ̀.

"Mi ò tíì dárí ji bàbá rẹ o. Ṣùgbọ́n sọ fún un kó máa bọ̀. Ó yẹ ká jọ sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ."