Títí Ìyá Yóò Fi Ní Kó Dìde

Ọdún tí mọ́tò kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ni Dúrótoyè kọ́kọ́ rí Rhoda. Máṣíìnì ìránṣọ ìyá Rhoda ló wá tún ṣe ní Jenta Adamu. Rhoda ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀," ọ̀gbẹ́ni sì dúró gbagidi pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ lọ́wọ́, kò rántí ohun tó bá wá mọ́.

Nígbà tí ìyá jáde, ó lóṣòó, ó sì wolẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, màmá. Ina kwana?" Ọmọ Iléṣà ni, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí i sí. Àwọn Hausa àdúgbò ló kọ́ ọ ní ìkíni, ó sì gbà pé kò sí ọ̀wọ̀ tó ju ìyẹn lọ.

Ìyá Olúkọ́lá, bí gbogbo Jenta ṣe ń pè é, bú sẹ́rìn-ín. "Haba! Ọmọ Iléṣà ń lóṣòó kí mi bí ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹ́ fò! Nà sílẹ̀ jàre. Fi àyà kanlẹ̀. Ẹ̀ẹ́n. Má dìde o, títí n ó fi ní kó o dìde."

Dúrótoyè nà gbalaja. Ìyá mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀, Rhoda fi ìṣẹ́tí aṣọ bo ẹnu. Nígbà tó tẹ́ ìyá lọ́rùn ló tó wí pé, "Dìde, ọmọ mi."

Kò sí ohun gidi tó ṣe máṣíìnì náà, ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ kò tán bọ̀rọ̀. Olúkọ́lá, ẹ̀gbọ́n Rhoda, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Doctor, aláìsàn ń kọ́?" Kò pẹ́ tí òun àti Dúrótoyè fi di ọ̀rẹ́ tí kì í ya ara wọn. Ìyá fúnra rẹ̀ ti ń fi oúnjẹ pamọ́ dè é.

"Tún Yorùbá rẹ ṣe, olólùfẹ́ mi," ni Rhoda máa ń wí, "kí ìyá mi tó fi mí fún ọ."

"Máa kọ́ mi, ayọ̀ mi," ni tirẹ̀ máa ń jẹ́. "Má jẹ́ kí n tètè mọ̀ ọ́n, kí n lè máa rí ọ."

Báyìí ni ayé ṣe dùn tó, kó tó di ọ̀sán Sátidé ọjọ́ yẹn. Ooru mú. Dúrótoyè àti Olúkọ́lá gba ọ̀nà Dadin Kowa lọ síbi ọ̀kan nínú àwọn kòtò tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀, tí omi òjò ti kún. Olúkọ́lá kò mọ omi wẹ̀ dáadáa. Ó dúró létí omi, ó ń lọ́ra.

"Kai, ojo ni ọ́!" ni Dúrótoyè ké láti inú omi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Olúkọ́lá, ojo!"

Olúkọ́lá bẹ́ sómi. Kò yọ mọ́. Dúrótoyè mòòkùn wá a títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àwọn tó ń ro oko nítòsí ló wá bá a gbé òkú jáde.

Ì bá ti parọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó sọ létí omi. Ṣùgbọ́n ó wọ pálọ̀ ìyá, ó dojú bolẹ̀, ó ní, "Màmá, èmi ni mo ní kó bẹ́. Mo pè é ní ojo. Ẹ foríjì mí."

Ìyá wò ó. Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń bá wọn dárò ń wọlé, wọ́n ń jáde, Dúrótoyè sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó yá ni Oyèdélé, àbúrò ìyá, gbá a mú lábíyá, tó fà á jáde. Wọ́n fà á dìde ni. Ẹni tó yẹ kó ní kó dìde kò sọ ọ́.

Rhoda sunkún títí. Ó bínú sí Dúrótoyè, ìbínú rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan ó wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kabong.

"Mo ti dárí jì ọ́," ló wí. "Kò rọrùn, àmọ́ mo ti dárí jì ọ́. Ọlọ́run náà ti dárí jì ọ́."

"Báwo lo ṣe mọ̀?" Dúrótoyè kò gbójú sókè. "Ẹni tí mo ṣẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò fọhùn. Mo ń bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́, n kò gbọ́ nǹkan kan. Rhoda, mo ṣì wà nílẹ̀ ní pálọ̀ yín."

"Ìyá ní bí mo bá fẹ́ ọ, kí n má pe òun ní ìyá mọ́. Don Allah, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ ká lọ sí Kaduna, ká fẹ́ra ní kóòtù."

Ọkàn Dúrótoyè fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ ẹ gidigidi. Ó mi orí. "Ayọ̀ mi, ẹni tó dojú bolẹ̀ kò lè mú ìyàwó lọ́wọ́."

Rhoda lọ, kò sì padà wá.

Àṣà ìjọ tí Dúrótoyè àti ìdílé Rhoda jọ ń lọ ni pé ní òwúrọ̀ Àjíǹde, kí ojúmọ́ tó mọ́, gbogbo wọn á gun àpáta tó wà lẹ́yìn Kabong. Wọ́n á jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú òtútù, ẹnikẹ́ni kò ní fọhùn títí òrùn á fi yọ, tí àlùfáà á wá ké pé, "Jésù jíǹde!" Láti ìgbà tí Olúkọ́lá ti kú, ìyá kò gun àpáta yẹn mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀lé ìgbà tí Rhoda lọ bá Dúrótoyè, ó wá, Rhoda ló dì í mú. Dúrótoyè rí wọn láti ẹ̀yìn òkúta tó sápamọ́ sí.

Ìyá ló da ìdákẹ́jẹ́ rú. "Àlùfáà, ẹ foríjì mí. Ẹ ní ikú Jésù ló pa ẹ̀ṣẹ̀ wa rẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni àjíǹde tún wà fún? Ọmọ tèmi kú, kò jí."

Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀. Àlùfáà Ìbíkúnlé kò bá a wí. Ó yíjú sí i.

"Ìyá, bí ènìyàn bá dọ̀bálẹ̀ bẹ ẹni tó ṣẹ̀, ìgbà wo ló ń mọ̀ pé wọ́n ti gba ẹ̀bẹ̀ òun?"

"Nígbà tí wọ́n bá ní kó dìde ni."

"Jésù dọ̀bálẹ̀ fún wa títí dé inú ibojì. Ká ní Bàbá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ta ni ìbá mọ̀ bóyá a ti dárí jì wá? Gbogbo wa ni à bá ṣì wà nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ bí irú èyí, Bàbá wí fún un pé, 'Ọmọ mi, dìde.' Bàbá ti gba ẹ̀bẹ̀ náà, ìyá. Ohun tí àjíǹde wà fún nìyẹn."

Atẹ́gùn pàápàá dákẹ́. Ìlà oòrùn ti ń funfun. Ẹ̀rù ba Dúrótoyè, ẹ̀rù tí kò ní ìpayà nínú, bí ẹni pé Ọlọ́run kò jìnnà sí àpáta náà rárá.

Ìyá dìde dúró. "Ṣé Dúrótoyè wà níbí?"

Kò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gbé e débẹ̀. Ó nà gbalaja, àyà rẹ̀ kan òkúta tútù.

"Ó ṣì ń dùn mí," ni ìyá wí. "Kò sí òwúrọ̀ tí kì í dùn mí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó ní kí Ọmọ rẹ̀ dìde yóò sọ ọ́ fún Olúkọ́lá náà lọ́jọ́ kan. Bó bá dìde, tó béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ṣé kí n ní mo fi í sílẹ̀ nílẹ̀ ni?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀. "Dìde, ọmọ mi."

Dúrótoyè gbọ́ ọ, kò sì lè mira. Ohùn ìyá ni, ó sì dà bíi pé ohùn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá.

"Haba, o ò gbọ́ ni?" Omijé àti ẹ̀rín dàpọ̀ lójú ìyá. "Ìyàwó rẹ ń dúró."

Rhoda mú un lọ́wọ́ kan, ìyá mú un lọ́wọ́ kejì. Òrùn yọ. Àlùfáà la ẹnu láti ké, ṣùgbọ́n Dúrótoyè ti ṣáájú rẹ̀: "Jésù jíǹde!" Gbogbo àpáta sì dáhùn.

Kò pẹ́ tí ìyá fi ránṣẹ́ sí i pé kó wá wo máṣíìnì òun, tí kò rán nǹkan kan láti ọjọ́ ikú Olúkọ́lá. Aṣọ ìgbéyàwó Rhoda ló fẹ́ fi rán. Dúrótoyè gbé àpò irinṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dọ̀bálẹ̀ lọ. Kí àyà rẹ̀ tó kanlẹ̀, ìyá ti ní, "Dìde."