Máàkì Tí Ẹ̀rọ Fún Ọ̀rọ̀ Tí N Kò Kà

Àárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó àdúgbò ni, a sì ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà wa ní Òkókómáíkò. Alága wa, Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́, fi ṣọ́bìrì tilẹ̀.

"Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ ṣeun o. Ẹ̀rọ yín ti tú àṣírí obìnrin yẹn. A ti ní kó má wá sípàdé wa lọ́la mọ́."

Inú mi dùn. Hameedat ló ní lọ́kàn. Òun àti Afọlábí ló ń du ipò aṣojú wọ́ọ̀dù wa ní káńsù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìpolongo àwọn méjèèjì dé orí fóònù mi, wọ́n gùn, ìkòkò sì wà lórí iná. Mo kó wọn fún ẹ̀rọ kan lórí fóònù náà, tó máa ń wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe dùn sí. Afọlábí gba àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Hameedat gba méjìlá. Mo kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù àdúgbò: "Ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú. Obìnrin yìí kórìíra wa."

Peace, tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì, gbójú sókè nínú gọ́tà. "Mà, ṣé ẹ ka ọ̀rọ̀ náà fúnra yín?"

"Ẹ̀rọ kà á."

"Ó kan ṣa ọ̀rọ̀ ni, mà. Ó rí 'ayọ̀', ó fi máàkì kún un. Ó rí 'sunkún', ó yọ máàkì."

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ta ló ń dìbò fún ẹni tó ń sunkún kiri?"

Peace nu ọwọ́, ó mú fóònù rẹ̀, ó rọra kà á: "'Àgbàrá òjò èṣí pa èèyàn mẹ́ta nínú gọ́tà yín. Mo sunkún Sàká, mo sunkún Báyọ̀, mo sunkún Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá. Bí mo bá wọlé, gọ́tà yìí ni n ó kọ́kọ́ gbé síwájú káńsù.'"

Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ mi. Akínọlá ni ọkọ mi.

"Afọlábí ńkọ́?" Ohùn alága ti wálẹ̀.

"'Ìlú aláyọ̀, ọ̀la ológo.' Kò dárúkọ gọ́tà rárá, sà."

Inú ẹrẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù: "Irọ́ ni mo pín. N kò ka ọ̀rọ̀ náà. Ẹ dárí jì mí." Lẹ́yìn náà ni mo pe Hameedat.

"Ìyá Tọ́pẹ́," ó ní, "mo wà níbi ìsìnkú wọn. Ẹ má sunkún mọ́."

Ì bá kúkú bú mi. Alága gba fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá lọ́la.

Ẹ̀yin ará, n kò ní kí ẹ dìbò fún òun tàbí ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ lè ka iye ọ̀rọ̀ adùn àti ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó ń bá yín ṣọ̀fọ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ olùdíje fúnra yín. Ẹ wo ohun tó lóun máa ṣe, àti ibi tó ti máa ṣe é. Bí ẹ bá pín àṣìṣe, ibi tí ẹ ti pín in ni kí ẹ ti tún un ṣe. Ohun tí ẹ kò bá sì tíì kà, ẹ má ṣe pín in. Orúkọ ẹni yín lè wà nínú rẹ̀.