Yàrá Ọmọ Gbọ̀ngàn Tó Rì

Ojú mi ló ṣe, mo sì ti fi orí ọmọ mi búra níwájú àlùfáà. Ẹni tí kò bá gbà á, kó gbé e jù sómi. Omi ló ṣáà ń gba gbogbo nǹkan wa.

Ọ̀sán ni. Ìjì ti ń jà láti òwúrọ̀. Ọkọ mi ti wa ọkọ̀ omi tó fi ń pa edé lọ fara pamọ́ sókè odò. Èmi, ìyá àgbà rẹ̀ Odalie tí mò ń pè ní Màmá, àti Alcide, ọmọ mi olóṣù mẹ́rin, la kù nílé. Ibà mú Alcide. Kò sùn fún ọjọ́ méjì.

"Màmá, mo ní ká bá àwọn yòókù lọ."

"Lọ síbo? Ilẹ̀ ló ń sá kúrò lábẹ́ mi, ìyàwó. Èmi ò sá."

"Bí ọmọ bá kú ńkọ́?"

"Pa ẹnu ẹ dé!"

Lójijì, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ojú ìjì, àárín rẹ̀ tí atẹ́gùn kì í fẹ́, ti dé orí wa. Oòrùn yọ. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ò ké.

La bá gbọ́ akọ́díónì, dùùrù àfọwọ́fà. Gòjé tẹ̀lé e. Láti orí omi ni, níbi tí gbọ̀ngàn ijó wà kí àwọn iléeṣẹ́ epo rọ̀bì tó gbẹ́ ipa odò fún ọkọ̀ wọn, tí òkun bá a wọlé.

"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́, Màmá?"

"Ọkọ mi. Ọwọ́ ta ló tún rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ó ti tó ogójì ọdún tí ọkọ rẹ̀ àti gbọ̀ngàn náà ti bómi lọ.

"Ijó ti bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Tẹ́ ọmọ."

Ní tiwa, bí orin bá ti dún, ìyá ọlọ́mọ á tẹ́ ọmọ sí yàrá ẹ̀yìn, lórí ibùsùn kan náà pẹ̀lú ọmọ àwọn yòókù, á ní "Lọ sùn," á wá lọ jó. Orúkọ tí à ń pe ijó náà nìyẹn: Lọ-sùn. Kí n tó ronú, ọwọ́ mi ti tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ní yàrá ẹ̀yìn ilé wa. Ẹnu mi ti wí i. Mo ti ilẹ̀kùn.

Ẹkún Alcide dá.

Nígbà tí orin náà dá, mo sáré wọlé. Ọmọ ń sùn, ibà ti lọ. Ṣùgbọ́n lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, ibùsùn tẹ̀ wọnú níbi mẹ́fà, bí ìgbà tí ọmọ kéékèèké sùn síbẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan. Omi rin ín gbingbin. Ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbé tìẹ, ìyàwó. Má ṣèèṣì gbé tẹlòmíì."

Mo gbé èyí tí mo rí. Ìjì tún bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ mi dé lẹ́yìn ìjì, ó ní ọmọ náà ti di ọmọ jẹ́jẹ́, kì í sunkún mọ́. Mo ń fún un lọ́mú. Mo ń pè é ní Alcide. Títí dòní, kò tíì yíjú sí orúkọ náà.