Okùn Tí Delfina Ta Ní Kókó

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí bàálù Evaristo já lulẹ̀ sínú oko òwú. Ojú ọjọ́ dára, epo wà nínú bàálù, ó sì ti pẹ́ tí iṣẹ́ fífín oògùn kòkòrò láti òkè ti mọ́ ọn lára. Àwọn tó wá ṣèwádìí yí àfọ́kù náà po títí, wọn ò rí ohun tó fà á.

Àwọn ará abúlé wa rí i. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwìwí ti ké ní ìdájí ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, awọ òwìwí ni àjẹ́ ń gbé wọ̀. Wọ́n ní Doña Crispina ni, opó tó ń dá gbé lẹ́bàá pápá bàálù, tí òwìwí ń sùn nínú àká rẹ̀. Delfina, àbúrò olóògbé, ló pariwo jù. Bí wọn ò ṣe ra tamales, oúnjẹ àgbàdo tó ń wé tà, lọ́wọ́ ìyá arúgbó náà mọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún kan, Nayeli ọmọ Delfina ní iṣẹ́ awakọ̀ bàálù lòun yàn, òun ti ríbi tí wọn yóò ti kọ́ òun. Ìyá rẹ̀ kọ oúnjẹ.

"Òkè tó pa ẹ̀gbọ́n mi náà lo fẹ́ máa gbé?"

"Mámi, ẹ̀gbọ́n yín ló kọ́kọ́ gbé mi débẹ̀. Ara mi ò balẹ̀ níbòmíràn."

Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́, òwìwí ké lórí òrùlé. Delfina sáré fa okùn yọ, ó ń gbàdúrà, ó ń ta á ní kókó. Bó bá ti pé méje, àjẹ́ tó ń fò yóò já bọ́. Ohun táwọn ìyá wa fi kọ́ wa nìyẹn. Àmọ́ okùn àtijọ́ kan tẹ̀ lé e jáde nínú àpò, kókó méje sì wà lára rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ ta èyí?"

Ọwọ́ Delfina dúró. "Ìdájí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú. Mo ní kí ohun tó ń fò lókè já bọ́. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Òun ló wá gbé bàálù gbéra."

Ẹ̀rù ba Nayeli. Ó gba okùn méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ má ta á mọ́ o, Mámi. Èmi náà ń lọ sókè."

Ọjọ́ kejì ni Delfina lọ kúnlẹ̀ níwájú Doña Crispina, ó jẹ́wọ́. Ìyá arúgbó náà ò bú u, kò sì sọ pé òun ti gbàgbé.

Lọ́jọ́ tí Nayeli kọ́kọ́ dá wa bàálù kọjá lórí abúlé, ìrọ̀lẹ́ ni, òwìwí sì ké nínú àká, ọwọ́ Delfina sì lọ sínú àpò. Doña Crispina di ọwọ́ Delfina méjèèjì mú, kò sì tú u sílẹ̀ títí ọmọ náà fi sọ̀ kalẹ̀.