Ìkòkò Tí A Sin sí Ahoyéyé

N kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó wá sí Ahoyéyé, kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa. Ṣùgbọ́n kó tètè wá.

Òmìnira Dàhòmì kò tíì pẹ́ nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé parí ní Dàkáà ni, mo padà wálé. Oyún oṣù méje ló wà nínú Sẹ̀gilọlá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí gìrì dédé mú un. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kutọnu. Èmi àti ìyá mi, Àbẹ̀ní, la gbé e dé ilé ìgbẹ̀bí kan ní Pobè.

Ọ̀sán gangan ni. Ó ń payín keke.

"Oògùn wà," ni Berthe, agbẹ̀bí, wí. "Mànyésíọ̀mù. Ó ń dẹ iṣan, gìrì á sì tú u sílẹ̀. Inú àpótí yẹn ló wà."

"Ẹ ṣí i."

"Ọ̀gá wa ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó ti lọ pàdé mínísítà ní Sakété. Ó ní ti ìyàwó àwọn ọ̀gá ìjọba ni."

"Ìyàwó ọ̀gá nìkan ni gìrì ń mú?"

"Akọ̀wé, má fi ìbéèrè pa mí. Wá òkúta."

Mo wá òkúta. Àgádágodo já.

Bí abẹ́rẹ́ ti wọ ara Sẹ̀gilọlá, gìrì rọlẹ̀. Kò pẹ́, ọmọ dé. Ọkùnrin. Kò tó ẹyẹlé. Kò ké. Ara rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tútù, àmọ́ ó gbóná, ó sì pọ́n rúsúrúsú. Berthe gbé fèrè onígi tó fi ń gbọ́ àyà lé e, ó tẹ́tí.

"Ọkàn rẹ̀ ń lù, ṣùgbọ́n ó falẹ̀ jù. Oògùn ìyá ti wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ náà ń rìn bí ẹni tí oorun ń kùn. Bó bá lè rí ọ̀la, á yè."

Ó gbé olóbi, ìyẹn ibi ọmọ náà, sínú ìkòkò, ó fi ewé bò ó, ó gbé e fún ìyá mi. Nílé wa, olóbi kì í sùn síta. Ẹni tó gbé e kò sì gbọdọ̀ fọhùn títí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá fọhùn, ọmọ á tẹ̀lé olóbi lọ.

Ìyá mi gbé ìkòkò náà mọ́ àyà. Mo gbé ọkọ́ tẹ̀lé e. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń sọ̀rọ̀: ọ̀gá, mínísítà, kọ́kọ́rọ́. Inú ń bí mi. Lẹ́bàá oko àgbàdo kan, ìyá mi dúró lójijì. Ó wo ìkòkò. Ó wò mí. Ẹ̀rù wà lójú rẹ̀.

"Kí ló dé, Ìyá?"

Ó mi orí, ó ń lọ.

Mo gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìnkùlé wa. Bí mo ti ràn án lọ́wọ́ láti sọ ìkòkò náà kalẹ̀, nǹkan lù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Kì. Ó dákẹ́. Ó pẹ́. Kì.

"Ìyá! Ẹ má..."

Ó gbá mi lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹyẹ kankan kò dún. Ewé kankan kò mì.

"Láti oko àgbàdo ni mo ti mọ̀," ló wá wí.

"Kí ló dé tí ẹ fi sin ín?"

"Ta ni n bá sọ fún? Bí mo bá yanu, ọmọ á lọ."

A sáré padà sí Pobè. Berthe jókòó ti ibùsùn Sẹ̀gilọlá. Fèrè náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ti sin ín?"

"A ti sin ín."

"N kò gbọ́ ọkàn ọmọ mọ́. Kò lù rárá. Ẹ wá wò ó."

Ọmọ náà ń mu ọmú.

A sọ ọ́ ní Fádèyí. Ó ń sáré, ó ń jà, ó ń jí ẹ̀pà jẹ. Kò sí ohun tó ń lù láyà rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ọkàn rẹ̀ ti ń lù, lábẹ́ ilẹ̀, jẹ́jẹ́, bí oògùn náà ti fi í sílẹ̀. Bí Sẹ̀gilọlá bá ń gbálẹ̀, ó máa ń yí ibẹ̀ ká.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó fẹ́ dá oko ọ̀pẹ ńlá rán Basile, awọnlẹ̀ wọn, wá láti ri èèkàn pupa mọ́ ilẹ̀ wa. Wọn kò bi wá léèrè. Èèkàn kan bọ́ sẹ́yìnkùlé.

"Yọ ìyẹn," mo wí. "Ọkàn ọmọ wa wà nísàlẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Múṣé, ẹ̀yin tí ẹ kàwé náà?"

"Tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Èmi kọ́ ló ń wa kátápílà," ló wí. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kò yọ èèkàn náà.

Mo ti pariwo ní Pobè, mo ti pariwo ní Sakété. Wọ́n ní ìlọsíwájú ni.

Kátápílà ti kúrò ní Yoko, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Láàárọ̀ yìí la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Fádèyí sùn sórí ẹní, kò mira. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo tẹ́ ọwọ́ sí ilẹ̀.

Kò falẹ̀ mọ́. Ó ti ń sáré.