Fèrèsé Yàrá Ìkókó

Ìyá Àgbà gbé ìkòkò ẹyín iná wọ yàrá tí ìyá Kíkẹ́lọmọ àti ìkókó ọwọ́ rẹ̀ ń sùn sí. Ọyẹ́ mú gan-an ní Igbó-Ọrà lọ́dún náà. Ìyá Àgbà ti fèrèsé pa, ó sì fi àkísà dí gbogbo ihò rẹ̀.

Àyà Kíkẹ́lọmọ já. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Zachariah, tíṣà wọn, sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ dà bí ọkọ̀ akẹ́rù Èrúwà: á kó ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró, á gbé e káàkiri ara, á sì kó afẹ́fẹ́ tí a ti lò padà wá kí a mí i síta. Ṣùgbọ́n ẹyín iná inú yàrá tí a tì pa ní afẹ́fẹ́ burúkú tí kò ní òórùn. Bí ìyẹn bá wọ ọkọ̀, á gba àyè ọ́síjìn, kò sì ní í fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣí fèrèsé díẹ̀. Tíṣà wa ní..."

"Tíṣà yín bímọ rí ni? Ẹyín iná ni mo fi tọ́ bàbá rẹ!"

Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ilé koríko ni ó ti tọ́ ọ, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba abẹ́ òrùlé wọlé. Ilé sìmẹ́ńtì tuntun yìí kò ní ibi tí yóò ti mí.

Salome, ọ̀rẹ́ Kíkẹ́lọmọ, ń dúró dè é níta. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ti ìdánwò nìyẹn jàre! O ti di dókítà? Jẹ́ ká máa lọ, aago ti fẹ́ lù."

Ojú ti Kíkẹ́lọmọ. Bàbá rẹ̀ jókòó lójú ọ̀nà, ó ń ki èèkù bọ ọkọ́. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí Babáwálé, àbúrò bàbá rẹ̀, fi kẹ̀kẹ́ wá mú un nílé-ìwé. Ìyá rẹ̀ wà ní àgbàlá, ó ń bì, orí ń fọ́ ọ. Wọ́n ti fi aṣọ funfun wé ìkókó tí a kò tíì sọ lórúkọ. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ránṣẹ́ sí sọ pé afẹ́fẹ́ ẹyín iná ló pa á.

Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo ní kí òtútù má pa á ni," ló ń sọ ṣáá.

Kíkẹ́lọmọ bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ ohun tó mọ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá bi í pé:

"Kíkẹ́, ojú ọ̀nà níbẹ̀ ni mo jókòó sí. O kúnlẹ̀, o kí mi. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Nígbà ìdánwò, wọ́n béèrè bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Kíkẹ́lọmọ dáhùn ìbéèrè náà pátá, ṣùgbọ́n omijé rẹ̀ ba ìwé jẹ́.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀wọ̀ àgbà kò ní ká panu mọ́ nígbà tí ẹ̀mí wà nínú ewu. Bí ẹnì kan kò bá gbọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tètè sọ fún ẹlòmíràn.